Màmá Ẹ-Jẹ́-Ó-Gbẹ, Ìyá Tó Ń Tún Ojú Balùwẹ̀ Ṣe

Ẹ̀yin ará, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ tí ẹ fi iṣẹ́ òòjọ́ yín sílẹ̀ láti wá bá wa sin ìyá wa, àwa ẹbí kí yín kú ìrìn, a sì kí yín kú ara fẹ́ra kù. Ìtàn tí ẹ fẹ́ kà yìí kì í ṣe ti olówó, kì í sì í ṣe ti olóyè. Ìtàn obìnrin tó fi orúnkún àti ọwọ́ rẹ̀ jẹun ni. Bí ẹ bá ti wẹ̀ rí nínú balùwẹ̀ tí àárín táìsì rẹ̀ mọ́ tónítóní, tí omi kò sì jò wọ yàrá kejì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìyá wa lẹ wẹ̀ nínú rẹ̀ láìmọ̀.

A bí olóògbé ní ọdún 1951, nínú yàrá kan tó wà lẹ́yìn ilé ìwẹ̀ gbogboogbò, níbi tí ooru omi gbígbóná ti máa ń gba ojú fèrèsé wọlé láràárọ̀. Bàbá wọn ni onítáìsì ilé ìwẹ̀ náà, ẹni tó ń lẹ àwo táìsì mọ́ ògiri àti ilẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí táìsì kankan má ṣe ṣí, kí omi má sì rí ibi gbà wọnú ògiri. Ìyá wọn ló ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, tó sì ń fún àwọn oníwẹ̀ ní aṣọ ìnura. Bàbá tó bí bàbá wọn náà, táìsì ló ń lẹ̀ kiri títí ẹ̀yìn rẹ̀ kò fi ṣeé nà mọ́. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ìyá wa lórúkọ, símẹ́ńtì funfun ló kún inú rẹ̀.

Ní ọdún 1957, olóògbé bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Orí wọn pé, ẹnu wọn kò sì dákẹ́. Olùkọ́ kan fi fífọ balùwẹ̀ jẹ wọ́n níyà nítorí ẹjọ́ tí wọ́n ń rò nínú kíláàsì. Nígbà tó padà dé láti tú wọn sílẹ̀, ó bá wọn lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, ó ku igun kan. Wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ṣùgbọ́n ní ọdún 1966, orúnkún bàbá wọn kọ̀ láti kúnlẹ̀ mọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ti bá tiwọn lọ. Olóògbé gbé ìwé sílẹ̀, wọ́n gbé ọ̀bẹ àti garawa. A kò gbọ́ kí wọ́n fi èyí ráhùn rí.

Lọ́dọ̀ bàbá wọn ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń tún ìlà ṣe. Ìlà là ń pe àárín táìsì kan sí èkejì, níbi tí símẹ́ńtì funfun ń wọ̀. Wọ́n kọ́ pé a kì í da tuntun lé ògbólógbòó. Ọ̀bẹ la fi ń ha èyí tó ti bu kúrò títí dé ìsàlẹ̀, a ó gbá eruku rẹ̀, a ó wọ́n omi díẹ̀ sí i, a ó wá po símẹ́ńtì kó ki débi tí kò fi ní kán láti ara ọ̀bẹ. Rọ́bà la fi ń tẹ̀ ẹ́ wọlé. Bí ó bá ti ń mú díẹ̀, a ó fi fóòmù tí a fún gbẹ nù ún ní ìdábùú, nítorí pé ẹni tó bá nù ún tẹ̀lé ìlà yóò gbé símẹ́ńtì jáde padà ni. Ohun tó wá le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni kí èèyàn jókòó kó má ṣe nǹkan kan, kí ó gbẹ.

Ibẹ̀ ni orúkọ ìnagijẹ wọn ti wá. Gbogbo oníbàárà ló fẹ́ wẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá tún balùwẹ̀ rẹ̀ ṣe. Ọkùnrin kan tó ní ìpàdé pàtàkì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kàn jẹ́ kí òun fi omi ṣan ẹsẹ̀. Ìyá wa gbé àga sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ rẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ ó gbẹ. Ẹni tó wẹ̀ lánàá ò tíì dọ̀tí.” Bọ̀ọ̀dá náà fi aṣọ tútù nu ara lọ sí ìpàdé. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé orúkọ náà kiri ìlú, Màmá Ẹ-Jẹ́-Ó-Gbẹ, títí àwọn ọmọ àdúgbò fi rò pé orúkọ tí a fi ṣe ìkómọ wọn ni.

Ní ọdún 1974, olóògbé wọ ilé ọkọ. Ìjà ló so wọ́n pọ̀. Ògiri kan ń bẹ tí wọ́n tún ṣe tí kò gbọ́, tí ìlà rẹ̀ ń dúdú padà ṣáá. Wọ́n ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ páìpù tó ṣe ilé náà pé páìpù rẹ̀ ń jò nínú ògiri. Oníṣẹ́ páìpù ní irọ́ ni, táìsì ni kò mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n fọ́ ògiri. Páìpù ni. Ọkùnrin náà dúró sínú omi pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, ó ní òun jẹ̀bi, òun yóò sì máa jẹ̀bi títí ọjọ́ alẹ́ bí wọ́n bá lè gbà láti fẹ́ òun. Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ: àkọ́bí ọkùnrin ní 1975, ọmọbìnrin ní 1979, àbíkẹ́yìn ọkùnrin ní 1984. Bàbá wa ṣe aláìsí ní 1993. Láti ìgbà náà, olóògbé ni ìyá, àwọn náà ni bàbá.

Nínú iṣẹ́, kò sí ibi tí wọn kò dé: ilé ìwòsàn, hòtẹ́ẹ̀lì, ilé àwọn àgbà, ilé olówó àti yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n kórìíra ásíìdì bí ẹni kórìíra olè. Wọ́n ní ẹni tó ń fi ásíìdì fọ balùwẹ̀ kí ó lè funfun dà bí ẹni tó ń bó awọ ara rẹ̀ kí ó lè mọ́: funfun ọ̀sẹ̀ kan, ẹkún ọdún kan. Ọṣẹ, omi, búrọ́ọ̀ṣì tí kò le, kí a fi aṣọ nu ògiri gbẹ lẹ́yìn ìwẹ̀, kí a sì ṣí fèrèsé. Ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tí wọ́n gbọ́ ọ kò tún pè wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyẹn sì máa ń dùn mọ́ wọn nínú ju iṣẹ́ lọ.

Ibi tó ń dùn wá nínú ìtàn yìí la dé báyìí.

Àkọ́bí wọn fẹ́ràn iṣẹ́ náà láti kékeré. Nígbà tó parí ìwé rẹ̀, kò wá iṣẹ́ mìíràn, ìyá rẹ̀ ló tẹ̀ lé. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti ìyá rẹ̀ lọ. Sùúrù ni kò tíì kún. Ní ọdún 1998, àìsàn dá olóògbé dùbúlẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ balùwẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì kan wà nílẹ̀, wọ́n sì ní kí ó lọ dá a ṣe. Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìlà ògiri náà kì í ṣe funfun, àwọ̀ eérú ni, ó sì ní láti po àwọ̀ mọ́ símẹ́ńtì kí tuntun lè bá ti àtijọ́ mu. Àṣìṣe tó ṣe, onítáìsì nìkan ló lè ṣe é: ó fi símẹ́ńtì tútù wé gbígbẹ. Símẹ́ńtì tútù a máa dúdú ju gbígbẹ lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tó kúrò níbẹ̀, àwọ̀ bára mu rẹ́gí, inú rẹ̀ sì dùn dé ilé. Nígbà tí ó fi gbẹ, ibi tó tún ṣe ti funfun yàtọ̀ lára ògiri bí aṣọ tí wọ́n fi aṣọ mìíràn lẹ̀.

Ara olóògbé yá díẹ̀, wọ́n lọ wò ó, wọ́n rí i. Wọn kò bá ọmọ wọn wí. Wọ́n rán an lọ síbi iṣẹ́ mìíràn tó jìn, wọ́n padà sí hòtẹ́ẹ̀lì náà, wọ́n ha gbogbo rẹ̀ kúrò, wọ́n sì tún un ṣe láti òkè délẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún àwọn tó ń gbálẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ. Ohun tí wọ́n rò ni pé àwọn ń bo àṣírí ọmọ àwọn. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Ìyá wa rò pé àwọn lè fo ti ọwọ́ ọ̀tún, kí àwọn kàn fi tòsì fà á mọ́ra.

Àkọ́bí mú ọmọbìnrin tó ń fẹ́ sọ́nà lọ wo iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó dúró níwájú ògiri náà, kò sì rí ọwọ́ ara rẹ̀ lára rẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ a máa mọ ọwọ́ rẹ̀, bí ẹni mọ ohùn ara ẹni. Ìyá kan tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ló ṣàánú rẹ̀. Ó ní, “Màmá yín ló wá tún un ṣe. Wọ́n ní ká má sọ fún yín ni.” Ọmọbìnrin náà ti wà nílé ọkọ tipẹ́, ó sì wà lára àwọn tó ń ka ìwé yìí lónìí. Òun ló sọ fún wa pé àkọ́bí kàn ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nígbà tí àkọ́bí ń di ẹrù láti kúrò nílé, àbúrò rẹ̀ obìnrin bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, “Tó bá ṣe pé wọ́n bú mi ni, ǹ bá ti gbàgbé. Wọ́n pa iṣẹ́ mi rẹ́ bí ẹni pé n ò débẹ̀ rí.” Kò bá ìyá rẹ̀ jà. Ó kí wọn dáadáa, ó gba àdúrà, ó ní òun fẹ́ lọ síbi tí òun yóò ti máa rí àṣìṣe òun kí òun tó tún un ṣe. Ó tẹ̀ lé àwọn òṣìṣẹ́ ìkọ́lé kan lọ sí ìlú òkèèrè. Olóògbé dúró lẹ́nu géètì títí ọkọ̀ fi yà. Nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n ní, “Ìtìjú ni mo rò pé mò ń bò fún un.” Wọ́n sọ gbólóhùn yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, nídìí iṣẹ́, nídìí oúnjẹ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló pè lórí fóònù. Ní 1999, olóògbé fúnra wọn ló gbé e. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti tò sínú pé àwọn yóò sọ ló sá lọ. Wọ́n bi í bóyá ó ń jẹun, bóyá ó ń wọ ìbọ̀wọ́ kí símẹ́ńtì má bàa jẹ ẹ́ lọ́wọ́. Ó ní òun ń jẹun. Ní 2001, wọ́n wà níbi iṣẹ́ nígbà tó pè. Àbíkẹ́yìn ló gbé e. Ó ní, “Bá mi kí Màmá. Sọ fún wọn pé màá pè lọ́jọ́ Sọ́ńdè.” Olóògbé kò jáde ní Sọ́ńdè náà, fóònù kò sì dún. Wọn kò jáde ní èyí tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà yẹn títí wọ́n fi lọ, ìyá wa kò gba iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú mọ́, ẹni yòówù kí balùwẹ̀ rẹ̀ máa jò. Nígbà tí gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fóònù sápò, wọn kò jẹ́ kí a yọ ti ilé kúrò lórí tábìlì. Nígbà tí ọmọbìnrin wọn kọ́lé, tó ní kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun níbi tí kò ti sí àtẹ̀gùn, wọ́n dúpẹ́, wọ́n súre, wọ́n ní, “Ilé yìí ni ọmọ mi mọ̀.”

Ní ọdún 2006, àbíkẹ́yìn wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ó rí ilé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá wọn kọ́ nígbà náà, kò rí àwọn tó kọ́ ọ. Ilé ti parí, àwọn èèyàn ti ń gbé inú rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kan rántí àkọ́bí wa, ó ní ọkùnrin náà àti àwọn kan ti sọdá sí orílẹ̀-èdè mìíràn lẹ́yìn iṣẹ́. Nígbà tí àbíkẹ́yìn padà dé, a rò pé olóògbé yóò figbe ta. Wọ́n ní, “Ṣé o rí balùwẹ̀ tó ṣe níbẹ̀?” Ó ní òun rí i, ẹ̀ṣọ́ náà ló bẹ àwọn onílé kan kí wọ́n jẹ́ kí òun wọlé. “Ìlà rẹ̀ ńkọ́?” Ó ní, “Ó dọ́gba, Màmá. Àwọ̀ kan náà ni láti òkè délẹ̀.” Ìyá wa rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ìborùn bojú, ẹkún sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀rín.

Nínú iṣẹ́ kíkọ́ni, obìnrin tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì wà níjókòó lónìí. Wọn yóò jẹ́rìí sí i pé lẹ́yìn tí àkọ́bí lọ, olóògbé kò tún iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ kankan ṣe lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Bí ẹnìkan bá ṣe é tí kò dára, wọn yóò pè é, àwọn méjèèjì yóò jókòó sílẹ̀ níwájú ògiri, wọn yóò ní, “Sọ ohun tí o rí fún mi.” Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀bẹ àfi ẹni tó ni àṣìṣe. Nígbà mìíràn, wọ́n á jókòó bẹ́ẹ̀ títí ilé á fi fẹ́ ṣú. Oníbàárà á máa wò wọ́n bí ẹni pé orí wọn ti dàrú.

Ní ti ìgbàgbọ́, olóògbé jẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbàdúrà ṣáájú ẹnu. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń tún ibi ìwẹ̀nù ilé àdúrà wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, àti balùwẹ̀ ilé ìgbẹ̀bí tó wà ládùúgbò, nítorí wọ́n ní abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kò gbọdọ̀ wẹ̀ níbi tí ògiri ti ń rà. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n gbàdúrà láàárín ìjọ, kì í gùn. Èyí tó máa ń kẹ́yìn rẹ̀ ni, “Ọlọ́run, ẹni tó wà lọ́nà, jẹ́ kó dé.” Àmín ìjọ sí èyí máa ń ju ti ìyókù lọ. Ní 2015, àbúrò bàbá wa kan, tó fẹ́ wọn fẹ́re, dá a lábàá pé bóyá ó tó àkókò kí a ṣe àdúrà ìdágbére fún àkọ́bí, kí ọkàn lè balẹ̀. Olóògbé gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sin ọmọ mi. Ẹ bá mi retí rẹ̀ ni.” Wọ́n dìde, wọ́n lọ fọ abọ́. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ni wọ́n máa ń wí. Ẹni tó bá sì sọ pé ó dùn, ẹ ṣáà jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ wá sọ ọ́.

Láti 2021 ni orúnkún wọn ti ń ṣe bíi ti bàbá wọn. Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gbé ẹnu sílẹ̀. Orí àga ni wọ́n ti ń pàṣẹ ìlà tó yẹ kí a ha. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọmọbìnrin wọn ń gé èékánná wọn, ó ń fi ṣóńṣó ẹnu fáìlì yọ símẹ́ńtì tí kò ṣeé yọ láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Géètì dún. Wọ́n bèèrè ẹni tó dé. Ọmọ ní alábàágbé òkè ni. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n gbé ọwọ́ kejì fún un kí ó gé èékánná rẹ̀, ọwọ́ náà sì wúwo lójijì. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni wọ́n. A ń ṣàárò wọn ju bí ìwé ṣe lè gbà lọ. A ń jí, a ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ níbi tí ohùn wọn máa ń wà. Nínú gbogbo wa, kò sí ẹni tó lè wẹ̀ tán kí ó má nu ògiri gbẹ, a sì ń nù ún tomijé tomijé.

Nígbà tí a fẹ́ kọ àwọn tó gbẹ̀yìn wọn, àwọn tó ń bá wa tẹ ìwé yìí bi wá léèrè ibi tí àwọn yóò kọ àkọ́bí sí. Àwọn àgbà kan ní kí a fò ó, kí àlejò má bàa máa bèèrè. Ọmọbìnrin olóògbé ní, “Màmá ò yọ ọ́. Èmi náà ò ní yọ ọ́.” Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Nítorí náà, olóògbé fi ọmọ mẹ́ta sáyé lọ: àkọ́bí ọkùnrin, onítáìsì, ẹni tó wà lọ́nà; ọmọbìnrin, nọ́ọ̀sì; àbíkẹ́yìn ọkùnrin, oníṣẹ́ páìpù bíi bàbá rẹ̀. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ márùn-ún sílẹ̀, àti àwọn mìíràn tí a kò tíì mọ̀, bí Ọlọ́run bá ti fi wọ́n ta àkọ́bí lọ́rẹ níbi tó wà. Wọ́n fi àbúrò obìnrin kan sílẹ̀, àti àwọn ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè wọ́n ní ìyá.

Ìwọ àkọ́bí, bí ìwé yìí bá kàn ọ́ lọ́wọ́ lọ́nàkọnà, mọ̀ pé ìyá rẹ kò bínú sí ọ rí. Iṣẹ́ rẹ dára. Àwọ̀ nìkan ló ṣì, wọ́n sì fẹ́ fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ fún ọ.

Màmá, ẹ ti ṣe ìwọ̀n tí ara lè ṣe. Ẹ dìde nídìí fóònù. Ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ọmọ yín obìnrin ni yóò jókòó síbẹ̀, bó bá sì rẹ̀ ẹ́, àbúrò rẹ̀ yóò gbà á, bó bá rẹ àwọn méjèèjì, àwọn ọmọ wọn wà. Ìretí yín kò bá yín lọ, ọwọ́ wa ló wà. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wa, kí ẹ sì lọ sinmi. Ẹ sùn re o, ìyá wa. Bí ó bá dé, a ó sọ fún un pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni.